Ọjọ́ Tí Gọ́pì Bímọ ní Bàrígà

Táǹkì náà kò tóbi. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 30. Bí omi bá kún un dé ẹnu, lítà 54 ni. Yàrá iwájú ilé kan ní Bàrígà, ní Èkó, ló wà, níbi tí obìnrin aránṣọ kan ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Gọ́pì ló wà nínú rẹ̀: ẹja tí kì í yé ẹyin sínú omi bí àrọ̀, tí kì í sì í kó ẹyin sẹ́nu bí epìyà. Inú abo ni ẹyin ti ń pa, ọmọ tó ti lè lúwẹ̀ẹ́ ló sì máa ń bí. Mọ́lì, pílátì àti ẹja oníru idà náà ń bímọ bẹ́ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni gbogbo wọn.

Àkókò tó wà lára àwọn fọ́tò inú fóònù aránṣọ náà, pẹ̀lú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ àti ọ̀rọ̀ ẹja sí pọ̀, la fi tún ọjọ́ kan tò láti ìdájí di alẹ́. Kò ṣòro fún irú ẹja yìí láti bímọ. Wọn á bí i bí a bá wà níbẹ̀, wọn á bí i bí a kò sí níbẹ̀. Iye ọmọ tí yóò kù di alẹ́ ni ọ̀rọ̀ olùtọ́jú, iṣẹ́ tó sì ti ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ ló máa ń pinnu rẹ̀.

Aago 5:20 ìdájí

Abo tó tóbi jù nínú táǹkì ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó fara ti igun ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíltà fóòmù, kò sì wá sókè nígbà tí ọmọ iṣẹ́ tó sùn sí ṣọ́ọ̀bù tan iná. Bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi oúnjẹ lójoojúmọ́. Ikùn rẹ̀ kò rí roboto mọ́, iwájú rẹ̀ ti yọ igun. Àmì dúdú tó wà lábẹ́ ikùn náà, nítòsí ihò ìdí, ti fẹ̀ gan-an, èèyàn sì lè rí ojú àwọn ọmọ inú rẹ̀ láti ara awọ.

Ìwé ìwọ̀n aṣọ sọ pé ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ti bímọ kẹ́yìn. Oyún gọ́pì sábà máa ń gba ọjọ́ 21 sí 30. Ti mọ́lì lè tó 60. Bí omi bá ṣe lọ́wọ́ọ́wọ́ tó ni oyún ṣe ń yá tó. Nínú ilé ní Èkó, omi táǹkì lè wà láàárín ìwọ̀n 26 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ẹ̀rọ tí ẹni tó ń sin irú ẹja yìí ní Jámánì kò lè ṣe aláìní nígbà òtútù.

"Ẹ ò ní kó o sínú ike ni, mà?" ni ọmọ iṣẹ́ bèèrè. Ike kan wà tí àwọn tó ń ta ẹja máa ń tà, tó ní ihò tóóró nísàlẹ̀: ọmọ á gba ihò já bọ́, ìyá kò ní lè tẹ̀ lé e. Ó wúlò lóòótọ́. Àmọ́ bí a bá fi àwọ̀n lé abo tí oyún rẹ̀ ti gbó tó báyìí kiri, ìpayà lè mú kó bí ọmọ tí àsìkò rẹ̀ kò tíì pé, tí ẹyin ṣì so mọ́ níkùn. Aránṣọ náà mi orí.

"Fi í sílẹ̀. Ibi tí wọ́n máa sá sí ti wà lórí omi."

Ojúoró ló ń sọ, èyí tó ti bo ìdajì ojú omi. Etí adágún àrọ̀ kan ní Ìkòròdú ló ti bù ú wá, kò sì jù ú sínú táǹkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ṣan gbòǹgbò rẹ̀, ó fi í sínú garawa ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè rí ohun tó bá bá a wá. Ìgbín omi kò burú. Ọmọ lámilámi, tó ń gbé inú omi kó tó hu ìyẹ́, lè jẹ ọmọ gọ́pì tán pátápátá.

Aago 6:05 àárọ̀

Fọ́tò àkọ́kọ́ ṣókùnkùn, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ yéni: ìrù ọmọ kan ti yọ níhò ìdí abo náà. Fọ́tò kejì ti bá ọmọ níta. Ó jáde ní kíká, ó rì díẹ̀, ó na ara, ó ju ìrù, ó sì ń lọ. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 tàbí 7. Ojú ló tóbi jù lára rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ yí padà, ó gbé e mì.

"Háà! Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí!" Ọmọ iṣẹ́ ki ọwọ́ bọ orí.

Gọ́pì kì í tọ́ ọmọ. Ohun tó bá kéré, tó sì ń mira lójú rẹ̀, oúnjẹ ni, ì báà jẹ́ tanwíjí, ì báà jẹ́ ọmọ tó ti ara rẹ̀ jáde. Inú oyún ni gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ parí sí. Níbẹ̀ ló ti fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pa ọmọ mọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀tá, pupa ẹyin sì lèyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Abo àrọ̀ á tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú omi kí díẹ̀ lè yè. Gọ́pì á bí ogún tàbí àádọ́ta, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti ní ojú tó ríran àti ìrù tó lè sáré. Bí wọ́n bá ti bí i, tirẹ̀ kù sí i lọ́wọ́.

Aago 6:40 àárọ̀

Wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín wọn, nígbà mìíràn méjì léra. Òkè ni púpọ̀ nínú wọn kọrí sí. Gbòǹgbò ojúoró rọ̀ wálẹ̀ ní ọwọ́ọ̀wọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dí débi pé ẹja àgbà kò lè ti orí bọ̀ ọ́. Ọmọ tó bá wọ ibẹ̀ ti bọ́. Ọ̀gbìn tó dí tún ń mu amóníà nínú omi, kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ọmọ ẹja lè ṣa jẹ sì ń gbé ara gbòǹgbò rẹ̀. Ike oníhò kò lè ṣe méjèèjì.

Aránṣọ náà ṣe ohun kan ṣoṣo ní wákàtí yìí. Ó da oúnjẹ àwọn àgbà sí ìpẹ̀kun kejì táǹkì, ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹja tó yó kì í lépa bí èyí tí ebi ń pa. Abo mẹ́fà tó kù àti akọ mẹ́ta pé jọ sẹ́nu oúnjẹ, wọ́n sì fi ìyálọ́mọ sílẹ̀ ní igun rẹ̀.

Aago 7:35 àárọ̀

Ìbímọ kò tíì parí tí àwọn akọ ti padà wá yí i ká. Abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé ìgbà náà ló máa ń gbà fún akọ. A kì í wá akọ tì: ó kéré sí abo, ìrù rẹ̀ gùn, àwọ̀ rẹ̀ ń dán. Lẹbẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ ti yí padà di ọ̀pá tóóró, òun ló sì fi ń ti àtọ̀ sí abo lára. Bí akọ bá pọ̀ ju abo lọ, wọn kì í jẹ́ kó sinmi. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń fi abo méjì tàbí mẹ́ta ti akọ kan.

Kí akọ tilẹ̀ má sí, ìyẹn kò dá oyún dúró. Abo gọ́pì lè fi àtọ̀ pamọ́ sínú ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó sì máa fi í lóyún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra abo kan ṣoṣo lọ́jà, tó wá bá ọmọ nínú táǹkì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu ló rí.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀ yìí ń da ẹni tó fẹ́ ṣa àwọ̀ láàmú. Ní ọdún 1920, Johannes Schmidt fi hàn ní Dẹ́nmáàkì pé àmì dúdú kan lára akọ gọ́pì ń ti ara bàbá bọ́ sára ọmọ tó jẹ́ akọ nìkan. Ní 1922, ọmọ ìlú rẹ̀ Øjvind Winge ṣàlàyé pé orí krómósómù Y ni irú àmì bẹ́ẹ̀ ń gùn kiri. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ aláwọ̀ aró, akọ aláwọ̀ aró ni kó kọ́kọ́ wá. Aránṣọ náà ti ṣe bẹ́ẹ̀: ó kó àwọn akọ àtijọ́ kúrò, ó sì fi mẹ́ta tí ìrù wọn dà bí aró sí ipò wọn. Ṣùgbọ́n abo yìí ti bá àwọn ti tẹ́lẹ̀ gbé. Kò sẹ́ni tó lè búra ta ni bàbá àwọn ọmọ àárọ̀ yìí títí àwọ̀ yóò fi yọ lára wọn.

Aago 9:10 àárọ̀

Ikùn abo náà ti fà sínú. Ó jáde ní igun, ó ń wá oúnjẹ. Ọmọ iṣẹ́ ka ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní 34. Aránṣọ náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bu oúnjẹ wọn.

Oúnjẹ náà ti wà nílẹ̀ láti àná. Ẹyin Artemia ni, edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀, èyí tí wọ́n ń tà ní gbígbẹ bí ìyẹ̀fun. Ó da iyọ̀ gíráàmù 25 sínú lítà omi kan, ó ki ọ̀pá afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́, ó sì dúró. Nínú ooru Èkó, láàárín wákàtí 24 sí 36, wọ́n á ti pa, wọ́n á máa fò pupapupa. Ọmọ gọ́pì á rí wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí pé wọ́n ń mira. Ó sẹ́ wọn, ó fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn wọ́n, ó sì fi ìkán omi díẹ̀ sí abẹ́ ojúoró.

Ẹni tí kò bá rí Artemia rà ní ọ̀nà mìíràn. Oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí àwọn olóko àrọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ọmọ ẹja kéré tó fún ẹnu wọn. Pupa ẹyin adìẹ bíbọ̀ náà dára, ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ péré, nítorí pé kò sóhun tó ń ba omi jẹ́ kíákíá bíi tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ sàn ju púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ, nítorí ikùn wọn kò gba nǹkan.

Aago 11:20 àárọ̀

Oníbàárà kan tó wá gba bùbá tẹjú mọ́ gíláàsì. "Àǹtí, ṣé kì í ṣe ẹja gọ́tà wa nìyí?"

"Òun ni, mà. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ti wá, àwọn méjèèjì."

Òótọ́ ni wọ́n jọ sọ. Ìhà àríwá Amẹ́ríkà Gúúsù ni ilẹ̀ gọ́pì, ní Fẹnẹsúẹ́là, Tírínídáàdì àti àyíká wọn. Ní 1859 Wilhelm Peters ti ìlú Berlin kọ ìwé lórí èyí tó ti Fẹnẹsúẹ́là wá, ó sì pè é ní *Poecilia reticulata*. Lẹ́yìn ìyẹn, Robert John Lechmere Guppy fi ti Tírínídáàdì ránṣẹ́ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Albert Günther sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹja náà ní 1866. Ìwé tó ṣáájú ló lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ti Guppy ló kù sẹ́nu aráyé. Nítorí pé ó ń jẹ tanwíjí, wọ́n kó o lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olóoru láti gbógun ti ẹ̀fọn. Ó wà nínú kánààlì Èkó dáadáa: ní 2012, àwọn onímọ̀ nípa ẹja tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tí gọ́pì inú kánààlì Èkó ń jẹ.

Kí ló wá dé tí ti gọ́tà fi ṣú, tí ti inú táǹkì ń dán? Ọwọ́ ènìyàn ni, tó ń ṣa èyí tó wù ú. Odò náà ń ṣa tirẹ̀. Ìwádìí tí John Endler tẹ̀ jáde ní 1980 fi hàn pé níbi tí ẹja apẹja-jẹ bá pọ̀ sí ní odò Tírínídáàdì, akọ gọ́pì kì í ní àwọ̀ púpọ̀. Nígbà tó kó wọn lọ sí ibi tí ọ̀tá kò pọ̀, àwọ̀ wọn tàn sí i láàárín nǹkan bí ọdún méjì, nítorí pé akọ tó ń dán ni abo ń fẹ́, kò sì sí ẹni tó ń pa á.

Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi rán èyí tó ń dán náà, ẹ jọ̀ọ́." Ó gba bùbá rẹ̀, ó lọ.

Aago 1:10 ọ̀sán

Iná ọba lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, fáànù dákẹ́, ìfófòó inú táǹkì náà dáwọ́ dúró.

Wákàtí yìí ló léwu jù ní gbogbo ọjọ́ náà, ọ̀nà méjì sì ni ewu rẹ̀ gbà wá. Èkíní, omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀. Ní ìwọ̀n 20, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9.1, ní ìwọ̀n 28, kò ju 7.8 lọ. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti kún àwọn àgbà mẹ́wàá láti àárọ̀.

Èkejì farasin ju ìyẹn lọ. Inú fóòmù fíltà ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń tún omi ṣe ń gbé. Ẹja ń tú amóníà jáde láti inú ìjàgbọ̀n rẹ̀, oúnjẹ tó bà jẹ́ náà ń di amóníà, amóníà sì ń jó ẹja. Kòkòrò kan ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tó ṣì jẹ́ májèlé. Òmíràn ń sọ ìyẹn di náítíréètì, tí ẹja lè fara dà, tí ọ̀gbìn sì ń jẹ. Bí omi bá ṣe gbóná tó, tí pH rẹ̀ sì ga tó, ni amóníà ṣe ń burú tó. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí náà ń mí. Bí omi kò bá gba inú fóòmù kọjá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Fóòmù yìí gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó gbó, kó tó lè gba ẹja tó pọ̀ tó báyìí. Ẹni tó ra táǹkì lónìí, tó da omi sí i, tó kó ẹja sí i lọ́la, kò tíì ní kòkòrò kankan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹja tuntun fi máa ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n á sì ní ẹni tó tà á ló tan àwọn jẹ.

Aránṣọ náà kò tan jẹnẹrétọ̀. Ó fa páǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì tó wà lábẹ́ tábìlì jáde, ó ki rọ́bà rẹ̀ bọ ọ̀pá fóòmù náà gan-an kí omi lè máa gba ibẹ̀ kọjá, ó ṣí ìdérí táǹkì, ó sì sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kò sí oúnjẹ ọ̀sán. Oúnjẹ tí a kò dà sínú omi kò lè di amóníà. Lẹ́yìn náà, ó jókòó ti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Aago 2:55 ọ̀sán

Iná dé. Ó dá rọ́bà padà sí páǹpù ńlá. Ká ní fóòmù ti dákẹ́ láìsí afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ì bá kọ́kọ́ yọ ọ́, kó fún un nínú omi tó bù láti inú táǹkì, kí ìdọ̀tí tó ti rà níbẹ̀ má baà tú jáde sára ẹja. Omi ẹ̀rọ tó ní kẹ́míkà kọ́ ni à ń lò fún irú iṣẹ́ yìí. Yóò pa àwọn kòkòrò náà. Ó fi èròjà ìdánwò wo omi: amóníà kò sí.

Aago 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ó fi rọ́bà fa lítà 10 jáde, ó ta ìbọ̀sẹ̀ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹnu rọ́bà náà kó má baà fa ọmọ. Lítà 10 tó máa dá padà ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì láti ọjọ́ méjì.

Omi bóòhóòlù ni, irú rẹ̀ ní Èkó sì sábà máa ń kan díẹ̀, kó sì ní irin nínú. Bó bá jáde, ó mọ́ gaara. Bó bá fara kan afẹ́fẹ́ di ọjọ́ kejì, ìpẹtà pupa á rọ̀ sílẹ̀. Gọ́pì kò fẹ́ omi tó kan. pH 7 sí 8 ló bá a lára mu, pẹ̀lú omi tó ní kálísíọ́ọ̀mù. Mọ́lì tilẹ̀ fẹ́ ẹ jù ú lọ. Nítorí náà ó máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà kí irin lè rọ̀, á da òkè rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì mìíràn, á sì fi ìkarahun ìṣáwùrù tó ti bọ̀, tó ti sá gbẹ, sí i. Ìkarahun á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí omi bá kan, ìkan náà á sì rọlẹ̀.

Ti àwọn tó ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba yàtọ̀. Kólóríìnì ni ọ̀tá tiwọn. Bí omi bá wà ní ṣíṣí fún wákàtí 24, á fò lọ; bó bá jẹ́ kólórámíìnì ni wọ́n lò, kì í fò, àfi kí wọ́n fi èròjà sí i.

Aago 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ ilé kejì dé láti ilé ẹ̀kọ́ àfikún. "Ẹ káàárọ̀ọ́... ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n bá yín dà wọ́n sínú gọ́tà. Ṣebí wọ́n ń jẹ ẹ̀fọn?"

"A kì í dà wọ́n sí gọ́tà, ọkọ mi."

Ó ṣàlàyé fún un. Gọ́pì tó bá dé odò kì í dúró ní gọ́tà. Á máa bí, á máa jẹ ohun tí ẹja ilẹ̀ wa ń jẹ, á sì jẹ ẹyin wọn pẹ̀lú. Àrùn inú táǹkì lè bá a lọ, àrùn gọ́tà náà sì lè bá ẹni tó bá fi àwọ̀n bu tibẹ̀ wọlé. Ó ṣèlérí akọ méjì àti abo mẹ́rin fún un nígbà tí wọ́n bá dàgbà, bí ó bá lè wá máa wo bí fóòmù ṣe ń gbó láti ìsinsìnyí.

Aago 7:45 alẹ́

Iye ọmọ nígbà kíkà tó kẹ́yìn: 31. Ọ̀kan wà nílẹ̀ táǹkì, ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, kò lè gòkè. Aránṣọ náà yọ ọ́. Méjì ti sọnù, ẹnu àgbà ni. Ó pa iná táǹkì, nítorí pé ẹja náà nílò òkùnkùn.

Aago 9:00 alẹ́

Ó ṣírò lórí ìwé ìwọ̀n aṣọ. Bí 15 nínú ọmọ 31 bá jẹ́ abo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mẹ́wàá péré níbí àkọ́kọ́, ọmọ 150 ni láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, láìka èyí tí àwọn ìyá wọn yóò tún bí. Lítà 54 kò lè gbà wọ́n. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò á sì máa gun ara wọn, ẹ̀jẹ̀ á di ọ̀kan náà, ọmọ ẹlẹ́yìn wíwọ́ á máa pọ̀ sí i. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹbẹ abẹ́ ikùn àwọn akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kí wọ́n ti yà wọ́n.

Táǹkì kejì wà lórí àpótí, òfìfo. Ó da omi tó ti rọ̀ sí i, ó gé ìdajì fóòmù tó ti gbó, ó gbé e wọ fíltà tuntun, ó fi fóòmù titun rọ́pò ìdajì tó yọ, ó sì kó márùn-ún nínú àwọn àgbà lọ síbẹ̀ kí ohun tí àwọn kòkòrò ń jẹ má baà tán.

"Kí la máa ṣe sí wọn lọ́la, mà?" ni ọmọ iṣẹ́ bèèrè.

"Fún wọn lóúnjẹ. Aṣọ la máa rán lọ́la."